Serán las ocho: bí àwọn elédè Sípáníìṣì ṣe ń sọ ohun tí kò dá wọn lójú

Ẹni tó bá kọ́ Sípáníìṣì látinú ìwé tàbí lórí áàpù fóònù, á mọ quizás, á mọ tal vez, wọ́n á ní "bóyá" ni méjèèjì, ó parí. Ó wá dé Sípéènì, ó wọṣẹ́, ó wá ń gbọ́ a lo mejor, igual, lo mismo, me da que, seguro que, será, habrá, a saber. Tal vez tó há sórí ò sì jáde lẹ́nu ẹnì kankan látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kì í sọ ọ́ o. Wọ́n ń sọ quizás, ó sì pọ̀ nínú ìwé ìròyìn, àwọn ará Latin America pàápàá ń lo tal vez dáadáa, àmọ́ láàárín àwa tá a jọ ń bó àlùbọ́sà ní kíṣìnì, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni wọ kóòtù lọ sọ́jà.

Ilé oúnjẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ọjọ́ sì ti ń pẹ́. Nínú kíṣìnì wa, ará Peru wà, ará Kòlóńbíà wà, ará Ajẹntínà wà, ọ̀gá kíṣìnì sì jẹ́ ọmọ Sípéènì pọ́ńbélé, Sípáníìṣì mẹ́rin lójú iná kan ṣoṣo nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tí kò dá wọn lójú gan-an ni èdè yẹn, ìyókù kéré. Mo sì tún rí i pé ọmọ Yorùbá ti gbé ìdajì ẹ̀ wá látilé, kí ẹnikẹ́ni má fi gírámà dẹ́rù bà yín.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó dùn mọ́ mi jù. Ní kíláàsì, wọ́n á ní será (á jẹ́), estará (á wà), tendrá (á ní), ti ọjọ́ iwájú ni gbogbo wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fetí sílẹ̀, ẹ máa rí i pé tí wọ́n bá fẹ́ sọ nǹkan tí wọ́n máa ṣe lọ́la, voy a ni wọ́n sábà máa ń sọ, voy a comprar pan, mo fẹ́ lọ ra búrẹ́dì. Será wá ráyè, wọ́n wá ń fi í méfò nípa nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí gan-an. Ẹ bi ẹnì kan pé aago mélòó ló lù, tí ò sí aago lọ́wọ́ ẹ̀, á wojú ọ̀run díẹ̀, á ní serán las ocho. Kò sọ pé aago mẹ́jọ ń bọ̀ wá lù o, "á ti tó aago mẹ́jọ" ló ń sọ. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, ẹ ò retí ẹnikẹ́ni, ¿quién será? Ta nìyẹn á jẹ́? Ẹ bèèrè ọjọ́ orí ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ, tendrá unos cuarenta años, á tó ọmọ ogójì ọdún.

Ṣé ẹ rí nǹkan tí mo rí? "Á" tiwa náà ni! Á ti sùn. Á ti délé báyìí. Wọ́n á ti jẹun. "Á" tá a fi ń sọ pé á wá lọ́la, òun náà la fi ń méfò nípa ẹni tí ò sí lójú wa lónìí. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wa, ẹnu ìyá wa la ti gbọ́ ọ. Torí náà nígbà tí tíṣà bá fi wákàtí odindi ṣàlàyé ẹ̀ tí gbogbo kíláàsì ń họ orí, ẹ máa rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́ ní tiyín.

Ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń lọ. Àárọ̀ Sátidé kan, ọmọkùnrin tó ń bá wa fọ abọ́ ò dé, Sátidé sì rèé, ọjọ́ tí ibi iṣẹ́ wa máa ń kún bí ẹni pé wọ́n ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n pè é, kò gbé e. Ni kálukú bá bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní estará durmiendo, á ṣì máa sùn. Ìyá tó ń ṣe kéékì ní pobre, habrá perdido el autobús, ọmọ ọlọ́mọ, bọ́ọ̀sì á ti já a sílẹ̀. Ará Kòlóńbíà ní se habrá enfermado, ara ẹ̀ ò ní yá. Ọ̀gá tí inú ti ń ru ní estará de resaca, ìyẹn ni pé ọtí àná ò tíì dá lójú ẹ̀. Nínú gbogbo wọn kò sẹ́ni tó ní "bóyá", kò sẹ́ni tó ní "mo rò pé", síbẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé wọn ò mọ nǹkan kan. Estará àti habrá yẹn ti sọ ọ́. Tí ọ̀gá bá gbójú ẹ̀ sọ pé está de resaca, láìní r yẹn nínú, ó ti di ẹ̀sùn nìyẹn, wọ́n á bi í pé níbo lo ti rí i. Pẹ̀lú estará, ó ti sọ tinú ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè mú un sí i. Ọkọ̀ ojú irin ló dúró sójú ọ̀nà, ọmọkùnrin yẹn wọlé wá tòun ti òógùn lójú, kò sì sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀, ṣebí wọn ò sọ nǹkan kan.

Tó bá jẹ́ ohun tó ti pẹ́ ni, ọ̀rọ̀ náà á tún yí díẹ̀: serían las tres cuando llegó, á ti tó aago mẹ́ta nígbà tó dé. Tendría diez años cuando murió su padre, á máa tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí bàbá ẹ̀ kú. Kì í ṣe àṣà àwọn ọmọ ìsinsìnyí rárá. Andrés Bello, ọmọ Caracas ní Venezuela tó fi Chile ṣe ilé, ti ṣàlàyé ẹ̀ nínú ìwé gírámà tó tẹ̀ jáde níbẹ̀ ní 1847, pé wọ́n máa ń yá ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú lò fún ohun téèyàn fi làákàyè rò dé ibẹ̀, tí kò fojú rí.

Será tún ní iṣẹ́ kan tó jẹ́ pé inú òfófó lẹ ti máa gbọ́ ọ jù. Será muy rico, pero no paga ni un café. Kì í ṣe pé ẹni yẹn ń méfò mọ́ o. Ẹlòmíì ló ti sọ pé ọkùnrin yìí lówó, òun wá gbà á fún un pẹ̀lú ẹnu ṣíṣù, kó lè ráyè sọ èyí tó wà nínú ẹ̀: kó lówó ná, kọfí lásán kì í ra fún èèyàn. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ será ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ dúró de pero, "ṣùgbọ́n" tiwọn, ó ń bọ̀.

Ó wá kan a lo mejor. Èyí gan-an ni "bóyá" ojoojúmọ́ ní Sípéènì, Kúbà, Mẹ́síkò, ibi gbogbo, kò sí ibi tẹ́ ẹ máa sọ ọ́ tí wọn ò ní gbọ́ ọ yé. Ẹ má jẹ́ kí mejor (tó dáa jù) inú ẹ̀ tàn yín jẹ, kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ohun rere, wọ́n lè sọ pé a lo mejor está muerto, bóyá ó ti kú, kí ojú wọn má sì yí padà. Èyí tó mú kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé kì í yọ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e lẹ́nu. Viene ni "ó ń bọ̀", ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti sọ puede que, "ó lè jẹ́ pé", viene gbọ́dọ̀ di venga, puede que venga. No creo que venga, mi ò rò pé á wá, bẹ́ẹ̀ náà. Quizás ní tiẹ̀, méjèèjì ló ń gbà, quizás viene, quizás venga, kí ọ̀rọ̀ lè tún dàrú sí i fún akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ a lo mejor viene, ó tán. Igual viene, lo mismo viene, bákan náà. Ẹni tí subjuntivo, bí wọ́n ṣe ń pe irú venga yẹn nínú gírámà, bá ń lé kiri, abẹ́ a lo mejor ni kó sá sí, ó lè gbébẹ̀ títí ọdún á fi yípo, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Igual ló wá ń dá ìjà sílẹ̀ o. Lẹ́nu ará Sípéènì, igual voy túmọ̀ sí pé bóyá màá lọ, ẹ má gbọ́kàn lé mi. Lẹ́nu ará Ajẹntínà, igual voy túmọ̀ sí pé bó ti wù kó rí, mò ń lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra! Ọ̀kan nínú wa ń ṣọjọ́ ìbí nílé ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, òjò sì ń rọ̀ látàárọ̀, ó bá fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí ará Ajẹntínà wa bóyá ó ṣì ń bọ̀. Ìyẹn fèsì: llueve un montón, igual voy. Òjò ń rọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n mò ń bọ̀, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Onílé kà á bí ará Sípéènì ṣe ń kà á: òjò ń rọ̀ gan-an, bóyá màá wá bóyá mi ò ní wá. Ó bá yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún. Alẹ́ pátápátá ni bàbá yẹn kanlẹ̀kùn, bàtà ẹ̀ ń ro tótótó, wáìnì lọ́wọ́, ẹran ti tán. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ẹ̀fẹ̀ níbi iṣẹ́ títí ó fi sú mi.

Ará Peru ní tiẹ̀, de repente ni. Ní Sípéènì, de repente ni lójijì, wàrà-wàrà, láìròtẹ́lẹ̀. Ní Peru, bóyá ni. Ọjọ́ kan ló tọ ọ̀gá lọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní jefe, de repente mañana no vengo, torí ó fẹ́ lọ ṣe ìwé ìgbélùú ẹ̀, kò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa dá a sílẹ̀. Ọ̀gá dá ọ̀bẹ dúró lórí pákó. ¿Cómo que de repente? Ó rò pé ọmọkùnrin yẹn ń sọ fún òun pé lójijì lòun ò ní yọjú lọ́la, bí ẹni ń halẹ̀. Ará Kòlóńbíà ló là wọ́n, òun náà sì rèé, de pronto ló ń lò nílé wọn, tí ìyẹn náà sì jẹ́ lójijì létí ará Sípéènì! De pronto llueve, llévese el paraguas, bóyá òjò á rọ̀, ẹ mú agbòjò dání, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Bogotá nìyẹn. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀yin náà rí nǹkan tó fa lójijì àti bóyá mọ́ra wọn báyìí, lójú tèmi, ohun tí ò dájú lè ṣẹlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé.

Capaz náà wà níbẹ̀. Ní Sípéènì, es capaz ni pé ó lè ṣe é, agbára ẹ̀ ká a. Ní Ajẹntínà àti Uruguay, capaz que llueve, capaz voy, bóyá ni. Ará Mẹ́síkò á ní chance y llega hoy, bóyá á dé lónìí, chance àwọn òyìnbó tó wà lẹ́bàá wọn ni wọ́n gbé, bí àwa náà ṣe sọ ọ́ di ṣáàǹsì. Wọ́n tún ní ha de estar dormido, níbi tí ará Sípéènì á ti ní estará dormido, á ti sùn. Kò sí èyí tó burú nínú ẹ̀. Àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì á máa jiyàn pé ti Sípéènì ló tọ̀nà, ẹ má dá wọn lóhùn, àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì ní Mẹ́síkò nìkan pọ̀ ju ará Sípéènì lọ ní ìlọ́po méjì.

Èyí tó máa ń tan ọmọ tuntun jẹ jù ni seguro que. Seguro, ó dájú, àbí? Seguro que viene, ó dájú pé á wá. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa o. Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ń bọ̀ á kàn ní viene, ó tán. Ẹni tó bá ní seguro que viene, ó ń fi ara ẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ ni, ó ń fi ẹ lọ́kàn balẹ̀ pẹ̀lú. Seguro que se le ha olvidado, ó ní láti jẹ́ pé ó gbàgbé, kò sì bi í o. Seguramente tún burú jù ú lọ, torí ìwé atúmọ̀ èdè Real Academia, ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣọ́ èdè yẹn láti 1713, fúnra ẹ̀ kọ ọ́ pé ó lè jẹ́ "ó ṣeé ṣe". Àwọn ọ̀dọ́ Sípéènì ní fijo que llega tarde, mo mọ̀ pé á pẹ́ dé, ìyẹn jẹ́ ti ẹni tó ti mọ ìwà olúwarẹ̀. Real Academia kan náà ló ní debe de estar en casa ni ti ìméfò, ó ní láti wà nílé, tí debe estar en casa sì jẹ́ ti dandan, ó gbọ́dọ̀ wà nílé. Ó dáa nínú ìwé. Lójú títì, wọ́n ń gbé de sí i, wọ́n ń yọ ọ́, wọ́n ń dà wọ́n pọ̀, kódà Academia fúnra ẹ̀ ti gbà pé èèyàn lè yọ de kúrò kó ṣì jẹ́ ìméfò. Ojú ẹni tó ń sọ ọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò.

Tó bá jẹ́ pé ara ló ń sọ fúnni, me da que ni ti Sípéènì, me da que hoy cerramos tarde, ó ń ṣe mí bíi pé a ò ní tètè tilẹ̀kùn lónìí. Ará Mẹ́síkò á ní se me hace que. Para mí que náà wà, ní tèmi o. Mo fẹ́ràn gbogbo wọn torí wọ́n ń gbé ẹrù ọ̀rọ̀ náà lé orí ara wọn, tó bá já sí irọ́, ara ló parọ́. Tó bá wá jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíì ni ọ̀rọ̀ ti wá, ẹ lọ bá àwọn ará Kòlóńbíà àti Mẹ́síkò, wọ́n ní dizque. Dizque es abogado. Wọ́n lóun ni lọ́yà, tòun ti ẹnu yíyí. "Wọ́n ní" wa yẹn náà ni, tá a máa ń fi sọ̀rọ̀ tá a sì fi ń yọwọ́ nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Tí kò bá wá sí ìméfò kankan mọ́, a saber, ta ló mọ̀. Vete a saber. Àgbàlagbà á ní vaya usted a saber. Quién sabe lẹ máa gbọ́ lẹ́nu ará Mẹ́síkò, wọ́n sì lè fi dáhùn ìbéèrè láìfi kún un. Yo qué sé náà wà, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ẹni tẹ́ ẹ máa sọ ọ́ fún, "èwo ni tèmi níbẹ̀" ló máa ń dún létí, ẹ má sọ ọ́ fún ọ̀gá tàbí ìyá àgbà.

Àwọn ìyá àgbà ọ̀hún, si Dios quiere, bí Ọlọ́run bá fẹ́, ni tiwọn. Hasta mañana, si Dios quiere, ó dọ̀la o, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Mẹ́síkò àti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ní primero Dios. Ṣé ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn fún Yorùbá? Ojalá pàápàá, tí wọ́n fi ń gbàdúrà pé kí nǹkan ṣẹ, ojalá llueva, kí òjò rọ̀, ẹnu àwọn Mùsùlùmí tó jọba ní Sípéènì láyé àtijọ́ ló ti wá, tí Ọlọ́run bá fẹ́ ni nínú Lárúbáwá, ẹ̀gbọ́n ín-ṣá-Allah tá à ń gbọ́ nílé. Àwọn tó ń sọ ọ́ lónìí ò rántí Lárúbáwá kankan.

Ẹ jẹ́ n tún ya bàrá díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ Kúbà. Àwọn tó ń bọ òrìṣà níbẹ̀ ń da obì bíi tiwa, ṣùgbọ́n àgbọn ni wọ́n ń lò, wẹ́wẹ́ mẹ́rin, obí ni wọ́n ṣì ń pè é. Tí inú funfun mẹ́ta bá ṣí sókè tí ẹ̀yìn dúdú sì jẹ́ ọ̀kan, Etawa ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tó dúró, kì í sì ṣe rárá, wọ́n á tún dà á. Ẹ ò rí i pé òrìṣà gan-an ní a lo mejor tiẹ̀.

Mo ti rí àwọn tíṣà tó yàwòrán àkàbà, a lo mejor wà ní ìdajì, seguro que wà ní àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. A lo mejor kan náà, tí wọ́n bá sọ ọ́ kíákíá, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n bá wá fà á, a lo mejooor, tí wọ́n gbé èjìká sókè, ẹ máa bá tiyín lọ. A ver si quedamos un día ló dáa jù fún àpẹẹrẹ. Ẹ ó pàdé ojúlùmọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ ó dì mọ́ra, á ní a ver si quedamos, ká rí bá a ṣe máa ríra lọ́jọ́ kan. Ẹ má lọ jókòó de ìpè, ìkíni ni. Ẹ̀yin náà ní sí, sí, a ver si quedamos, kẹ́ ẹ máa lọ. Tó bá fẹ́ rí yín lóòótọ́, á dárúkọ ọjọ́, á dárúkọ báà, á ní el jueves a las nueve. Aago mẹ́sàn-án ọ̀hún náà, ẹ lọ ní mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí bẹ́ ẹ bá tètè dé, ẹ̀yin nìkan lẹ máa máa wojú ẹni tó ń ta ọtí.